Fìlà Tí Olè Mú, Aago Tí Ó Fi Sílẹ̀

Olè tó jà ní ilé Yèyé Sẹ̀gilọlá ní Ìjòkà, nílùú Iléṣà, kò jọ irú olè tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó bá kámẹ́rà ńlá lórí ẹsẹ̀ igi mẹ́ta, kò fọwọ́ kàn án. Ó bá aago ọwọ́ tó ń dán yinrin nínú àpò onífọ́tò, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bá pọ́ọ̀sì Phebe Ògúnlẹ́yẹ lórí tábìlì, kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ohun tó mú lọ ni àpótí pákó kékeré kan tí àwọn gíláàsì fọ́tò tí a kò tíì fọ̀ wà nínú rẹ̀, àti ògbólógbòó fìlà abetí-ajá kan tí okùn etí rẹ̀ ti ń já.

Phebe ló kọ́kọ́ rí i pé abẹ́ fèrèsé tí wọ́n gbé àpótí náà sí ti ṣófo. Ó pe Mọ́ṣúdù Àkànó, onífọ́tò tó háyà láti Òṣogbo. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àárọ̀ tán nínú yàrá ni, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo abẹ́ fèrèsé, ó wo abẹ́ tábìlì, ó tú àpò rẹ̀ dà sílẹ̀. Ìgbà náà ló tó rí i pé fìlà náà kò sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "walahi, gbogbo ìrìn wa ló lọ yẹn."

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dun Phebe tó, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó fi òṣómàáló ta aṣọ títí dé Kùmásí ní Góòlù-Kóòsì nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ibẹ̀ ló gbé ìyàwó, ibẹ̀ ló bí Phebe sí, ibẹ̀ náà ló sì darúgbó sí, tí kò tún fojú kan ilé mọ́. Ní ọdún 1954 yìí, dókítà sọ fún un pé ojú rẹ̀ méjèèjì ń kú lọ, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní rí nǹkan kan mọ́. Bàbá kò bá dókítà jiyàn. Ó kàn pe ọmọ rẹ̀, ó fi ahọ́n Ìjẹ̀ṣà tí Kùmásí kò rí bó lẹ́nu rẹ̀ sọ pé, "Kí ojú mi tó pa, lọ bá mi ya ulé wá."

Phebe gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó mú ọ̀nà pọ̀n. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo, ó rí àwọn fọ́tò tí Mọ́ṣúdù kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì dúró. Ojú àwọn ènìyàn inú fọ́tò náà dà bíi pé wọ́n fẹ́ kí i. Ó wọlé, ó ní òun kò fẹ́ jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀bù. Òun ń fẹ́ onífọ́tò tí yóò bá òun fi ẹsẹ̀ rìn gbogbo ibi tí bàbá òun ti rìn kó tó kúrò nílé. Mọ́ṣúdù ní òun kò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ènìyàn ló ń wá bá fọ́tò, fọ́tò kì í fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ènìyàn. Bó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká.

Ká sọ òótọ́, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé góńgó. Ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo, ó mú kí Phebe dúró títí oòrùn fi rọlẹ̀, kí òjìji àwọn ọlọ́jà lè nà tàntàn sórí ilẹ̀, ó ní ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì á rí òjìji kó tó rí ènìyàn. Ní ibùdókọ̀ ojú irin tí bàbá Phebe ti wọkọ̀ lọ, ó ní kí Phebe kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, nítorí ẹni tó ń lọ kì í wo ẹ̀yìn. Phebe kò mọ ìgbà tí omi lé sí i lójú. Wọ́n wọ lọ́rì dé Iléṣà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn: wọ́n ya Ẹ̀rẹ́jà láàárín ìlú, wọ́n ya kànga, wọ́n ya ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n bí bàbá sí, wọ́n ya ibojì ìyá àgbà. Phebe sunkún níbi ibojì yẹn, bẹ́ẹ̀ kò mọ ìyá àgbà náà rí.

Yèyé Sẹ̀gilọlá ni wọ́n yà kẹ́yìn, lánàá. Ìbejì ni òun àti bàbá Phebe. Bàbá ni Táíwò, Yèyé ni Kẹ́hìndé. Yèyé ti di irun rẹ̀ lọ́tun nítorí fọ́tò yìí, ó wọ òfì, ó jókòó sí igun kan lórí bẹ́ǹṣì gígùn níwájú ilé. Phebe wọlé lọ mu omi. Nígbà tó fi máa jáde, Yèyé ti dìde, ó ní oòrùn ti mú òun, ó ti tó. Gíláàsì Mọ́ṣúdù náà sì ti tán pátápátá. Ọ̀la ni Phebe gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Èkó kí ó lè bá mọ́tò tó ń lọ sí Kùmásí. Bí àpótí yẹn kò bá yọjú lónìí, ojú bàbá yóò pa láìrí ilé.

*

Kọ́pùrà tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò tíì rí olè tó ń jẹ gíláàsì. Ó wá yíjú sí Mọ́ṣúdù.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, o ti ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, o wá ń pariwo olè."

Phebe wo Mọ́ṣúdù. Kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, àmọ́ ó ti wọ̀ ọ́ létí, ohun tó bá sì ti wọ etí kì í rọrùn láti yọ. Mọ́ṣúdù rí bó ṣe wo òun. Ó gbé ojú sílẹ̀.

"Ẹ má bínú o," ẹnì kan sọ láti igun yàrá. "Fìlà wo lẹ ní ó mú?"

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ dàńṣíkí tó ti ṣá, ó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà nínú bébà. Ẹni tó bá rí i á rò pé ó wá ṣe onídùúró fún àbúrò rẹ̀ ni.

"Abetí-ajá," Mọ́ṣúdù dáhùn. "Ògbólógbòó ni. Mo máa ń yá àwọn oníbàárà tí kò bá dé fìlà wá."

"Olè náà sì fi aago sílẹ̀."

"Ó fi aago sílẹ̀."

"Ṣé aago náà ń ṣiṣẹ́?"

Mọ́ṣúdù wúkọ́ díẹ̀. "Kò ṣiṣẹ́ sà. Aago fọ́tò ni. Ṣùgbọ́n olè kò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà da ẹ̀pà tó kù sẹ́nu, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Awóníyì ni mí, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mí níbí. Ohun tí olè bá mú kì í bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó bá fi sílẹ̀ ló máa ń rojọ́ fún mi. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Kò sí ẹni tí kò mọ Awóníyì ní Iléṣà, pàápàá àwọn tí kò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Òṣómàáló ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Àwọn òṣómàáló gidi a máa sọ pé òṣó làwọn ó máa ló lẹ́nu ọ̀nà títí àwọn ó fi gba owó aṣọ àwọn. Ti Awóníyì kì í ṣe ti owó. Yóò lóṣòó síwájú rẹ, yóò béèrè ọ̀rọ̀ kékeré, yóò máa wò ọ́ jẹ́jẹ́, kò sì ní dìde títí òótọ́ yóò fi jáde lẹ́nu rẹ. Kò lu ènìyàn rí. Àwọn tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ó sàn kó lu àwọn.

"Ta lẹ fura sí?" ó béèrè bí wọ́n ti ń lọ.

"Ọdúntán," ni Phebe wí, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

*

Onífọ́tò ni Ọdúntán náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ẹ̀rẹ́jà. Lánàá nígbà tó rí Mọ́ṣúdù tó ń to àwọn ènìyàn fún fọ́tò, ó bọ́ síta, ó ní, "Ṣé ojú Ìjẹ̀ṣà ti fọ́ ni, tí wọ́n fi wá lọ yá ojú Òṣogbo?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, Mọ́ṣúdù dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Ọdúntán jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sì dé fìlà abetí-ajá. Mọ́ṣúdù nawọ́ sí i.

"Fìlà mi nìyẹn."

"Ti bàbá ta ni?" Ọdúntán dìde. Ọkùnrin gìrìwò ni.

Awóníyì ti lóṣòó síwájú rẹ̀. "Bọ̀dá Ọdúntán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa fìlà yẹn. Mọ́ṣúdù, dé e."

Mọ́ṣúdù dé e. Fìlà náà já bọ́ dé imú rẹ̀, kò ríran mọ́. Phebe kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. Orí Ọdúntán tó orí méjì, kò sì sí fìlà Òṣogbo kan tó lè gbà á.

"Ó ti yé wa," Awóníyì wí. "Ẹ gba fìlà yín. Ẹ wá sọ fún mi, bí ẹ bá fẹ́ ba iṣẹ́ onífọ́tò mìíràn jẹ́, báwo lẹ ó ṣe ṣe é?"

Ọdúntán wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ọmọdé. "Kí ni mo fẹ́ gbé àpótí sálọ ṣe? Màá kàn ṣí ilé gíláàsì, àpò pákó tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé bá a, màá jẹ́ kí oòrùn wo inú rẹ̀, màá sì pa á dé padà. Òun náà á gbé e délé, á fọ̀ ọ́, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Á ní ọwọ́ òun ló bà á jẹ́. Èmi á ti lọ sùn ní tèmi."

Awóníyì dìde, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ní ọ̀nà, ó yíjú sí Phebe, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ẹni tó mú àpótí yẹn kò mọ̀ pé oòrùn lè pa gíláàsì. Bó bá mọ̀, kò ní ṣe wàhálà gbígbé. Ẹni tó gbé e pamọ́ kò sì ní máa ṣí i. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ yín ṣì wà láàyè."

Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Phebe mí kanlẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ọkùnrin náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó sì gba ìrètí bọ̀ níbẹ̀.

*

Nígbà tí wọ́n padà dé Ìjòkà, Awóníyì kò wọlé lójú ẹsẹ̀. Ó yí ilé ká. Ó wo ilẹ̀kùn iwájú, ó wo ti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ẹtù Yèyé, tí kì í gbà kí àlejò kọjá láìké, fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i létí.

"Ta ló ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀?"

"Èmi ni," Phebe dáhùn. "Ọ̀pá ìdábùú wà lẹ́yìn méjèèjì."

"Àwọn ẹtù yìí ńkọ́?"

"N kò gbọ́ wọn."

"Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani," ni Awóníyì wí, ó sì lóṣòó sábẹ́ igi ọsàn. "Tíṣà, ẹni mẹ́ta ló sùn nínú ilé yìí. Ẹ̀yin kò jí gíláàsì ara yín. Ó ku méjì."

Mọ́ṣúdù gbé ọwọ́ lé àyà. "Ọlọ́run gbọ́, èmi kọ́."

"N kò tíì dárúkọ rẹ. Tíṣà, Yèyé ńkọ́? Báwo ló ṣe gba ọ̀rọ̀ olè yìí?"

Phebe ronú. Ojú tì í díẹ̀ láti máa sọ̀rọ̀ àgbà lẹ́yìn. "Kò sọ nǹkan kan. Kò jẹun láti àná. Mo rò pé oòrùn ló mú un."

"Kó tó di àná ńkọ́?"

"Kó tó di àná, kò jẹ́ kí n sinmi," Phebe wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìbéèrè nípa bàbá mi ni ṣáá. Ṣé ó ṣì ń fi ọwọ́ òsì jẹun? Ṣé ó ti kọ́ iyán gún ní ìlú àwọn oníkẹ́ńkẹ́? Ṣé ó ṣì ń hanrun? Bí mo bá ń wẹ̀, á dúró lẹ́nu ilé ìwẹ̀ máa bi mí."

"Lánàá ńkọ́, lẹ́yìn fọ́tò?"

Kò sí ìbéèrè kankan. Láti ìgbà tí Yèyé ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, kò dárúkọ Táíwò mọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un," Awóníyì wí. "Mo rí i lójú fèrèsé nísinsìnyìí. Gèlè rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn. Ṣé lóòótọ́ ló di irun fún fọ́tò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dì í dáadáa."

"Ó ti tú u. Gbogbo rẹ̀. Obìnrin tó di irun lánàá, tó tú u kí ilẹ̀ òní tó mọ́, tí kò jẹun, tí kò sì dárúkọ arákùnrin rẹ̀ mọ́." Awóníyì fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan fa ìlà sórí ilẹ̀. "Irú obìnrin wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Kùmásí ni wọ́n ti bí Phebe, àmọ́ ohun tí irun títú jẹ́, ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀fọ̀ ni.

"Ta ló kú?" ó béèrè.

Awóníyì yíjú sí Mọ́ṣúdù, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Mọ́ṣúdù, lánàá, ta lo fẹ́ dé fìlà yẹn fún?"

Onífọ́tò náà wo ìhín, ó wo ọ̀hún. "Yèyé ni," ó ní.

"Obìnrin, kó dé abetí-ajá?"

"Sà, ẹ ti mọ bí a ti ń ṣe é. Mo gbọ́ tí aládùúgbò kan kí i, ó pè é ní Kẹ́hìndé. N kò rí Táyé kankan nínú ilé, ẹnì kan kò sì dárúkọ rẹ̀ létí mi. Mo bi aládùúgbò náà pé ṣé ọkùnrin ni Táyé àbí obìnrin, ó ní ọkùnrin ni. N kò béèrè ju ìyẹn lọ, torí a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Mo ní kí n ṣe Yèyé lóore. A kì í ya ìbejì lọ́kan. Bí ọ̀kan bá ti lọ, èyí tó kù la máa ń yà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi páálí dúdú bo ìdajì gíláàsì, mo ya Yèyé sí ìdajì kejì. Lẹ́yìn náà ni mo mú fìlà jáde, mo ní kí ó dé e, kó bọ́ sí igun bẹ́ǹṣì kejì, kí ó jókòó ní ipò Táyé. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, àwọn méjèèjì á jọ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún un ní Òṣogbo."

"Kí ni Yèyé sọ?"

"Ó wo fìlà náà títí. Ó wá ní oòrùn ti mú òun."

Phebe yíjú sí i. "Bọ̀dá Mọ́ṣúdù," ó ní, "Táíwò yẹn ni bàbá mi. Òun ló rán mi."

Gbogbo ìrìn tí wọ́n jọ rìn, "bàbá mi" ṣáá ni Phebe ń pè é, kò pè é ní Táíwò lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣàánú, ló fi fìlà pa alààyè níwájú ìkejì rẹ̀.

*

Yèyé Sẹ̀gilọlá jókòó sórí àpótí aṣọ nínú yàrá, ó fa gèlè sílẹ̀ dé iwájú orí. Awóníyì kí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó lóṣòó. Phebe kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mọ́ṣúdù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Yèyé," Awóníyì wí, "mi ò wá mú ẹnikẹ́ni o. Táíwò kò kú."

Màmá àgbà náà kò gbójú sókè. "Wọ́n ti kọ́ ìwọ náà."

"Yèyé, bàbá mi wà láàyè," ni Phebe wí. "Ojú ló ń dùn ún. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Má búra, ọmọ mi. Àwọn tó sọ fún mi pé ìyá wa ń sùn ni, wọ́n búra." Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́. "Mo ti dàgbà jù fún ẹ̀tàn yìí. Ẹni tó ti ìdálẹ̀ bọ̀, tó gbé aṣọ wá fún mi, tó ní kí n fi yàrá tí wọ́n bí bàbá òun sí han òun, tó sunkún níbi ibojì. Mo rí gbogbo rẹ̀, ó jọ ti ẹni tó wá túfọ̀, mo ní rárá, ulé ló ń wá wò. Mo ń bi ọ́ ní ìbéèrè, o ń dáhùn, inú mi ń dùn. Àfi ìgbà tí ọkùnrin yìí mú fìlà jáde. Àwọn onífọ́tò ló ń mọ̀. Wọn kì í dé fìlà ìbejì lé Kẹ́hìndé lórí bí Táyé bá wà láyé."

Mọ́ṣúdù wólẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Yèyé, èmi ni mo ṣì í. Wọn ò sọ fún mi. Ẹ forí jì mí."

"Ìwọ nìkan ni kò tàn mí," ni Yèyé wí.

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Mo rò ó pé fọ́tò tí wọn kò tíì fọ̀, kò tíì sọ nǹkan kan. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́, Táyé kò tíì kú. N kò mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn, mo kó gbogbo rẹ̀."

Gbogbo ohun tí Phebe lè wí ni Yèyé ti gbọ́ lẹ́nu àwọn òpùrọ́ rere. Ẹ wá wo ohun tí Awóníyì ṣe, tí n kò fi lè dárúkọ ọkùnrin yẹn láìṣí fìlà fún un. Kò bá Yèyé jiyàn. Ó yíjú sí Mọ́ṣúdù.

"Gíláàsì Yèyé yẹn, ìdajì rẹ̀ kejì ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Páálí ló bò ó. Àyè náà ṣì ṣófo."

"Bí ẹnì kan bá gbé e lọ síbòmíràn nínú ilé gíláàsì rẹ̀, tí kò ṣí i, ṣé onífọ́tò ibẹ̀ lè ya ènìyàn sí àyè yẹn?"

Ojú Mọ́ṣúdù là. Ó dìde. "Bí kámẹ́rà rẹ̀ bá jẹ́ onígíláàsì bíi tèmi, ó lè ṣe é. Kó ṣáà bo ibi tí Yèyé wà. Màá fún Tíṣà ní páálí náà gan-an."

"Tíṣà, ṣé ẹ lè gbé e dé Kùmásí, kí bàbá yín jókòó sí àyè yẹn, kí ẹ sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Yèyé?"

"Mo lè gbé e," Phebe wí. "Lọ́jọ́ tí mo bá délé náà ni màá mú bàbá mi lọ."

Awóníyì padà sọ́dọ̀ Yèyé. "Yèyé, èmi kò ní kí ẹ gbà wá gbọ́. Òkú kì í jókòó fún fọ́tò. Bí ọmọ yìí bá ń parọ́, kò ní gbà láti gbé àyè tó ṣófo lọ, nítorí bí oṣù bá ti lé, ẹ ó mú un. Ẹ wò ó lójú. Ṣé ó jọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà?"

Yèyé gbé ojú sókè nígbà náà. Ó wo Phebe. Ó wò ó pẹ́, bí wọ́n ti ń wo ọmọ tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó jọ. Phebe kò gbé ojú kúrò, ó jẹ́ kí omijé máa ṣàn.

Màmá àgbà náà dìde lórí àpótí aṣọ, ó ṣí i. Lábẹ́ òfì rẹ̀ àti aṣọ tí Phebe gbé wá láti Kùmásí ni àpótí gíláàsì wà, ó fi ìró dúdú dì í bí ẹni pọn ọmọ. Mọ́ṣúdù gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó yẹ ilé gíláàsì kọ̀ọ̀kan wò. Kò sí èyí tó ṣí nínú wọn.

"Alihamudulilahi," ó wí jẹ́jẹ́. "Bí mo bá dé Òṣogbo ní ọ̀sán yìí, màá fọ ìyókù kí ọkọ̀ Tíṣà tó gbéra lọ́la. Tàwọn ìbejì ni n kò ní fọ̀."

Phebe yíjú sí i. "Ẹ má bínú, Bọ̀dá Mọ́ṣúdù. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo wò yín bí ẹni tó ṣe é."

"Tíṣà, èmi ni mo ṣe é," ni Mọ́ṣúdù dáhùn.

Yèyé nawọ́ sínú àpótí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mú fìlà abetí-ajá náà jáde, ó gbọn ọ́n, ó tún okùn etí rẹ̀ so. Ó fi lé Phebe lọ́wọ́. "Mú èyí fún un. Kó dé e. Kó má sì fẹsẹ̀ gun ara wọn níbẹ̀ bí olóyìnbó o, èmi ni ẹ̀gbọ́n." Mọ́ṣúdù kò rán ẹnikẹ́ni létí pé fìlà òun ni.

Nígbà tí Awóníyì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò ní àgbàlá, tí àwọn ẹtù ń lé e, Yèyé ti jókòó sórí àpótí kékeré níwájú ilé, ó ti ṣí gèlè, ó sì ti na òòyà sí Phebe. Phebe kò mọ irun dì tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màmá àgbà náà tẹ orí síwájú, ó sì béèrè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí lọ́kàn:

"Phebe, ṣé ó ṣì ń hanrun?"

"Yèyé," ni Phebe wí, "àwọn tó háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, kò sí èyí tó pẹ́ níbẹ̀ rí."